Káàdì CPR: ẹ mọ ẹni tó ń béèrè rẹ̀ kí ẹ tó sanwó kíláàsì

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ń wá iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní Maryland níbí, wọ́n ní kí n mú káàdì CPR wá, ìyẹn ìwé pé mo ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbé fóònù, mo wá èyí tó dínwó jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sanwó, mo dáhùn ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní fìdí rẹmi níbẹ̀. Kí ọbẹ̀ tí mo gbé kaná tó hó, káàdì ti wọlé sínú ímeèlì mi. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi í sínú fáìlì, inú mi ń dùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, obìnrin tó ń gba ìwé lọ́wọ́ wa wò ó fìrí, ó bi mí pé, "Ṣé ọwọ́ yín kan ọmọláńgidi níbi tí ẹ ti gba èyí?" Ọmọláńgidi tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń tẹ àyà ló ń wí. Mo ní rárá. Ó rọra tì í padà sí mi lórí tábìlì. Báyìí ni owó yẹn ṣe gbé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sì kọjá kí n tó wọṣẹ́.

Láti ìgbà náà, bí ará ilé tàbí ọmọ ìjọ wa kan bá fẹ́ gba káàdì, èmi ni wọ́n máa ń pè. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ síbí, kí n lè máa fi ránṣẹ́ dípò kí n máa sọ ọ́ lẹ́nu nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí CPR jẹ́. Tí ọkàn èèyàn bá dédé dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ mọ́. CPR ni pé kí á máa tẹ àárín àyà onítọ̀hún léraléra kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ, kí ẹni tó bá ti kọ́ ọ sì máa fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, títí áńbúláǹsì yóò fi dé, tàbí ẹ̀rọ AED, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ta ọkàn jí. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìsí ẹni tó tẹ àyà, tí AED kò sì sí, ń gé ìrètí onítọ̀hún kù ní nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlú Baltimore tí kò jìnnà sí mi ni iṣẹ́ yìí ti jáde. Ní 1960, Kouwenhoven, Jude àti Knickerbocker ní Johns Hopkins kọ̀wé pé ọwọ́ méjì lásán, láìfi abẹ kan ara, lè máa gbé ẹ̀jẹ̀ kiri inú ara ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró. Ọwọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Òun náà ni obìnrin yẹn béèrè lọ́wọ́ mi.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rí káàdì náà

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí agbanisíṣẹ́ tàbí ilé ìwé. Kí lorúkọ kíláàsì tí ẹ fẹ́ gan-an? Káàdì àjọ wo lẹ ń gbà? Ṣé ẹ ń gba èyí tí a kọ́ apá kan rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ jẹ́ kí èsì náà wà lákọsílẹ̀ nínú ímeèlì. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní gbà yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ méjì lẹ máa gbọ́ orúkọ wọn jù: American Heart Association, tí gbogbo èèyàn ń pè ní AHA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, àti American Red Cross. Kíláàsì àwọn méjèèjì dáa. Mi ò ní torí ọ̀kan bú èkejì. Ṣùgbọ́n àwọn ọsibítù kan wà tó jẹ́ ti AHA nìkan ni wọ́n ń gbà, ẹ ò sì lè bá wọn jiyàn.

Nínú ti AHA, kíláàsì méjì làwọn èèyàn máa ń ṣì mú. BLS ni ti òṣìṣẹ́ ìlera: nọ́ọ̀sì, dókítà, oníṣègùn eyín, ọmọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń bá áńbúláǹsì rìn. Níbẹ̀ lẹ ti máa kọ́ bí ẹni méjì ṣe ń pawọ́ pọ̀ ṣe é, bí a ṣe ń lo báàgì tí a fi ń tẹ atẹ́gùn sínú ẹ̀dọ̀fóró, àti bí a ṣe ń ṣe ti ọmọ ọwọ́. Heartsaver ni ti ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera: tíṣà, ẹni tó ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá. Tí wọ́n bá ní kí ẹ mú BLS wá, tí ẹ wá lọ gba Heartsaver, wọn ò ní gbà á. Tó bá jẹ́ Heartsaver ni wọ́n fẹ́, tí ẹ mú BLS wá, wọ́n sábà máa ń gbà á, àfi pé owó tí ẹ san ti ju bó ṣe yẹ lọ. Àwa tí a ń tọ́jú àgbàlagbà nílé wọn la máa ń há sáàárín: ẹ́jẹ́ńsì kan á ní BLS dandan, èyí tó wà ní òdìkejì títì á ní Heartsaver ti tó. Torí ẹ ni mo ṣe ní kí ẹ béèrè, kí ẹ má kàn máa tẹ̀lé ohun tí ọ̀rẹ́ yín gbà.

Kíláàsì AHA tó ń jẹ́ ACLS àti PALS kọjá ibi tí à ń bá bọ̀ yìí. Ti àwọn tó ń fún aláìsàn lóògùn lórí bẹ́ẹ̀dì ni, ACLS fún àgbàlagbà, PALS fún ọmọdé. Nọ́ọ̀sì tó bá ń bọ̀ láti ilé kó fi sọ́kàn pé ACLS kì í rọ́pò BLS ní ọ̀pọ̀ ọsibítù. Méjèèjì ni wọ́n máa ń béèrè.

Ìlú Ọba tún yàtọ̀. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Peckham pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní ibi iṣẹ́ òun ní kí òun lọ gba "first aid", kí n bá òun wá ti AHA. Mo ní kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè AHA níbẹ̀. Fún ibi iṣẹ́ lásán, ìwé-ẹ̀rí méjì ló wọ́pọ̀ lọ́hùn-ún: Emergency First Aid at Work tí wọ́n ń fi ọjọ́ kan, wákàtí 6, ṣe, àti First Aid at Work tí wọ́n ń fi ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí 18, ṣe. CPR wà nínú méjèèjì, ọdún mẹ́ta sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò, ṣùgbọ́n HSE, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n máa lọ tún ọwọ́ ara wọn ṣe lọ́dọọdún. Ilé ìtọ́jú ọmọdé ní England ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, paediatric first aid oníwákàtí 12: ẹnì kan tó ní ìwé-ẹ̀rí náà gbọ́dọ̀ máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo tí ọmọ bá wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù tàbí tó ń tọ́jú àgbàlagbà, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń ṣètò tirẹ̀ fún un, lọ́dọọdún ni wọ́n sì sábà máa ń tún un ṣe. Ẹ má fi owó ara yín ra ohun tí ibi iṣẹ́ yín fẹ́ ṣe fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlànà Resuscitation Council UK ni wọ́n ń tẹ̀ lé lọ́hùn-ún.

Nílé, Red Cross Nàìjíríà ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìtọ́jú pàjáwìrì, àwọn ibùdó tí AHA fọwọ́ sí sì wà tó ń kọ́ni ní BLS àti ACLS. Ẹni tó bá ń gba tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó ń bọ̀ wá sí òkè òkun, kó kọ́kọ́ rí ímeèlì agbanisíṣẹ́ pé àwọn á gbà á. Mo ti rí nọ́ọ̀sì tó dé pẹ̀lú káàdì tuntun tí wọ́n tún ní kó lọ jókòó sí kíláàsì. Mo ti rí èyí tí wọn ò bá sọ nǹkan kan.

Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó ń béèrè káàdì lọ́wọ́ yín ńkọ́? Bóyá bàbá yín àgbà ló ń gbé ọ̀dọ̀ yín, bóyá ẹ kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ má wulẹ̀ ra káàdì. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ títẹ àyà nìkan, láìfẹ́ èémí. Wákàtí kan kì í sábà tán lórí rẹ̀, àwọn ìjọ, ilé ìkàwé àti iléeṣẹ́ panápaná sì ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà mìíràn. Fún àgbàlagbà tó dédé ṣubú lójú yín, ìyẹn ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ohun tí káàdì náà ń sọ, àti ohun tí kò sọ

Ọ̀rọ̀ tí inú mi kì í dùn láti sọ fún àwọn èèyàn wa nìyí, torí a fẹ́ràn sàtífíkéètì tí èdìdì wà lára rẹ̀. AHA fúnra rẹ̀ sọ pé òun kì í ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni pé ó mọ iṣẹ́ náà títí ayé. Ohun tí káàdì AHA ń sọ ni pé ní ọjọ́ báyìí, ẹ parí kíláàsì báyìí, ẹ sì yege nínú ìdánwò rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe lísẹ́ǹsì. Ẹni tó bá gba káàdì BLS kò tíì di òṣìṣẹ́ ìlera, bí ẹni tó gba ìwé awakọ̀ kò ṣe tíì di mẹkáníìkì.

Àwọn oníṣòwò mọ̀ pé a ò mọ èyí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń mú wa. Ẹ máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lára ìpolówó wọn.

Èkíní ni "OSHA approved". OSHA ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò òṣìṣẹ́. Kì í fọwọ́ sí olùkọ́ CPR kankan, kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní káàdì. Ohun tó ti sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ ta ko àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ polówó: níbi iṣẹ́ tí òfin bá ti ní kí òṣìṣẹ́ mọ CPR, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó, ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣe é.

Ti Ìlú Ọba ni "HSE approved". HSE ń fọwọ́ sí àwọn olùkọ́ tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2013. Ẹni tó bá ṣì ń fi ṣe fáàrí lónìí, yálà ó ń purọ́ tàbí kò tíì tún ìwé ìpolówó rẹ̀ tẹ̀ láti ọdún yẹn. Agbanisíṣẹ́ ló kù sí lọ́wọ́ báyìí láti wádìí ẹni tó fẹ́ gbà.

Ẹ̀kẹta ló gbọ́n jù nínú wọn: "A ń tẹ̀ lé ìlànà AHA." Ó lè jẹ́ òótọ́. Ìlànà AHA wà níta gbangba, ẹnikẹ́ni ló lè kà á, kó sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra aṣọ ẹbí lọ́jà, tó rán an, tó wọ̀ ọ́ wá síbi ìnáwó, kò torí ìyẹn di ará ilé ìyàwó. Tí wọ́n bá ní káàdì AHA ni kí ẹ mú wá, orúkọ AHA gbọ́dọ̀ wà lórí káàdì náà, pẹ̀lú orúkọ ibùdó tó kọ́ yín.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tó dúró sáàárín, tí mi ò fẹ́ kí ẹ pa á pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fi jẹ mí. AHA ní èyí tó ń jẹ́ HeartCode: ẹ óò kọ́ apá kan lórí kọ̀ǹpútà nílé, lẹ́yìn náà ẹ óò lọ ṣe ti ọwọ́ lójúkojú. Káàdì gidi ló ń yọrí sí, ó sì dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ ni pé nígbà tí ti kọ̀ǹpútà bá parí, ìwé kan máa jáde. Wọ́n á rò pé òun ni káàdì, wọ́n á gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ìwé yẹn, ẹ mú un lọ bá olùkọ́ ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá fi ọwọ́ ṣe é lójú rẹ̀ ni káàdì tó wáyé.

Ẹ pe olùkọ́ náà lórí fóònù

Ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún lè sọ púpọ̀ fún yín. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọláńgidi: mélòó lẹ ní, èèyàn mélòó ló máa wà nínú kíláàsì? Tí èèyàn bá ju mẹ́ta lọ lórí ọmọláńgidi kan, ìjókòó lẹ máa fi ọjọ́ náà ṣe. Tí èèyàn bá ju mẹ́fà lọ lábẹ́ olùkọ́ kan nínú kíláàsì BLS, kò ní ráyè rí àṣìṣe ọwọ́ yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè bóyá ọmọláńgidi náà ń sọ fún èèyàn bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2019 ni AHA ti sọ ọ́ di dandan pé kíláàsì tó bá ń kọ́ CPR àgbàlagbà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fi bí èèyàn ṣe ń yára tẹ̀ ẹ́ àti bó ṣe ń jìn tó hàn án lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ AHA tó bá ní òun ò ní in ti rú òfin ilé ara rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ọmọláńgidi ọmọ ọwọ́ àti AED ìdánrawò wà pẹ̀lú.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù ni èyí: "Ọmọ ọwọ́ ńkọ́, ṣé ìka méjì náà la ṣì fi ń tẹ àyà rẹ̀?" Ìka méjì ni wọ́n kọ́ èmi. Ṣùgbọ́n nínú ìlànà tuntun tí AHA gbé jáde ní oṣù kẹwàá 2025, wọ́n ti yọ ìka méjì kúrò torí pé kì í jìn tó. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan ni, tàbí kí a fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọmọ náà mú, kí a fi àtàǹpàkò méjì tẹ̀ ẹ́. Tí olùkọ́ bá ní "ìka méjì ni o", tí kò tilẹ̀ mẹ́nu kan àyípadà kankan, ó ti pẹ́ tó ti kàwé kẹ́yìn.

Ìlànà 2025 yẹn náà ló mú mi rẹ́rìn-ín nípa oúnjẹ tó há èèyàn lọ́fun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni AHA fi ń kọ́ wa pé fífún ikùn àgbàlagbà láti ẹ̀yìn nìkan ni. Ní báyìí wọ́n ní kí a kọ́kọ́ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí a tó fún ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí a máa yí i bẹ́ẹ̀ títí nǹkan náà yóò fi jáde. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń gbá wa lẹ́yìn nígbà tí iṣu há wa lọ́fun kò kúkú ṣìnà pátápátá. Òkèlè ẹ̀bà tí wọ́n ń ní ká gbé mì kó lè tì í lọ nìkan ni ká fi sílẹ̀.

Owó ńkọ́? Ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ máa bi wọ́n bóyá owó káàdì àti ìwé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá polówó pé "tí ọ̀gá yín ò bá gbà á, a óò dá owó yín padà", ẹ sá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí àwọn tó gba owó tèmi, wọn ò dá a padà.

Lọ́jọ́ kíláàsì

Ẹ wọ ṣòkòtò. Mo mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́: ìyá kan wá láti ìpàdé pẹ̀lú ìró àti bùbá léèsì, nígbà tí wọ́n ní ká kúnlẹ̀, gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ di fífa ìró mọ́ra. Ẹ dí irun yín sẹ́yìn. Tí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ sọ fún olùkọ́ ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ má dúró dìgbà ìdánwò.

Ẹ óò kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọláńgidi náà, kí orúnkún yín súnmọ́ ọn dáadáa. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan ní àárín àyà, lórí egungun tó wà láàárín ọmú méjèèjì; ọwọ́ kejì lé e lórí, ìka wọnú ìka. Ẹ na ìgúnpá tààrà, kí èjìká yín wà lókè ọwọ́ gan-an, kí ẹ wá fi ìwúwo ara yín tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ń fi apá nìkan tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun, á rẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé ogún. Ó gbọ́dọ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kó má ju 6 lọ. Lẹ́yìn títẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí àyà náà padà sókè pátápátá, torí ìgbà tó ń padà sókè ni ẹ̀jẹ̀ ń tún wọnú ọkàn. Ibẹ̀ yìí ni mo ti kọ́kọ́ kùnà: mò ń fara tì í, iná tó wà ní èjìká ọmọláńgidi náà kò sì yé kìlọ̀ fún mi.

Títẹ̀ ọgbọ̀n, èémí méjì. Láàárín ìṣẹ́jú kan, kí títẹ̀ wà láàárín 100 sí 120. Ìṣòro wa rèé: tí ẹ bá fẹ́ ka ọgbọ̀n ní Yorùbá, ìgbà tí ẹ bá fi máa pe "mẹ́rìndínlógún" tán, ọwọ́ ti falẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mò ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀wá mẹ́ta, èémí méjì. Tí ìwọ̀n eré rẹ̀ bá tọ́, ẹ̀wá mẹ́ta yẹn máa gbà yín ní ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 18. Olùkọ́ mi, ọmọ Filipínì, gbọ́ ọ, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní kí n máa bá a lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ẹ yí ọwọ́ padà pẹ̀lú ẹlòmíràn bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ ń ṣe yín bíi pé kò tíì rẹ̀ yín. Ó ti rẹ̀ yín.

Èèyàn kan máa ń béèrè nínú gbogbo kíláàsì pé tí òun bá tẹ àyà ẹni tí ẹni náà sì kú ńkọ́, ṣé wọn ò ní sọ pé òun ló pa á? Ìbéèrè yìí kì í fi àwọn èèyàn wa lọ́rùn sílẹ̀. Gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ní Amẹ́ríkà ló ní òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó ṣèrànwọ́ pẹ̀lú inú kan nígbà pàjáwìrì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé inú wọn kò dọ́gba. England àti Wales ní tiwọn láti 2015. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ sì ti dúró, kò sí ohun tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ọwọ́ yín lè ṣe fún un.

Ìdánwò BLS ní apá ọwọ́, ti àgbàlagbà pẹ̀lú AED àti ti ọmọ ọwọ́, àti ìbéèrè 25 tí ẹ gbọ́dọ̀ gba ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, ìyẹn 21. Tí gbogbo èèyàn bá yege láìsí ẹni tí wọ́n ní kó tún un ṣe, tí kíláàsì oníwákàtí mẹ́rin sì tú ká láàárín ogójì ìṣẹ́jú, káàdì lásán ni wọ́n tà fún yín.

Nígbà tí káàdì bá dé

Ímeèlì ni ti AHA máa ń gbà wá lóde òní, ẹ óò sì tẹ ìlíǹkì inú rẹ̀ kí káàdì tó di tiyín. Ẹ fún wọn ní ímeèlì ara yín, ẹ má fún wọn ní ti ibi iṣẹ́ tí ẹ lè fi sílẹ̀ lọ́la. Tí ọjọ́ bá ń lọ tí ẹ ò rí i, ẹ wo inú spam kí ẹ tó pe olùkọ́ ní olè.

Ẹ wo orúkọ dáadáa. Orúkọ tó wà lórí lísẹ́ǹsì tàbí páásípọ́ọ̀tù yín ni kó wà níbẹ̀, lẹ́tà fún lẹ́tà. Mo mọ Olúwaṣeun kan tó kọ "Seun" sórí fọ́ọ̀mù, bí gbogbo ayé ṣe ń pè é. Ibi iṣẹ́ ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibùdó tó kọ́ yín ló lè tún un ṣe, ẹ sì tètè sọ fún wọn.

Kóòdù kan wà lórí káàdì náà tí agbanisíṣẹ́ lè tẹ̀ sórí ìkànnì AHA láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ti Red Cross náà ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí kóòdù bá gbé ojú ewé tí kò mọ̀ yín jáde, inú ilé yín ló sàn kí ẹ ti mọ̀, kó má jẹ́ iwájú HR.

Ọdún méjì ni káàdì AHA àti ti Red Cross Amẹ́ríkà ń lò. Ti AHA máa ń parí ní ìgbẹ̀yìn oṣù tí ẹ gbà á. Ẹ fi ìkìlọ̀ sórí fóònù yín ní oṣù méjì ṣáájú, torí ọ̀pọ̀ ibi kò ní jẹ́ kí ẹni tí ọjọ́ káàdì rẹ̀ ti kọjá jókòó sí kíláàsì kúkúrú ti àtúnṣe. Ó di kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì san owó ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ibi iṣẹ́ kan kì í sì í fi yín sórí àkójọ iṣẹ́ fún ọjọ́ kan péré lẹ́yìn tó bá ti parí.

Ọdún méjì ni ti káàdì. Ọwọ́ kì í tó bẹ́ẹ̀: láàárín oṣù díẹ̀ ni èèyàn ti ń gbàgbé, àwọn tó ń kọ́ni sì mọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọsibítù kan fi ń mú àwọn òṣìṣẹ́ wọn tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lórí ẹ̀rọ. Èmi kò ní ẹ̀rọ nílé. Tìmùtìmù àga pálọ̀ tó le ni mo ń lò, ní ọjọ́ Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù. Àwọn ọmọ ti mọ̀ pé ọ̀kan á pariwo "ẹ pe 911", ọ̀kan á sáré bí ẹni lọ gbé AED. Nígbà tí a bá wà nílé ní Èkó, 767 tàbí 112 ni wọ́n ń pariwo. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń gbá aago mú, tó ń ka ẹ̀wá mẹ́ta náà fún mi. Ní oṣù tó kọjá ó dá mi dúró láàárín, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti ń falẹ̀." Mo ní irọ́ ni. Ó gbé aago wá kí n wò ó: 92 ni mo tẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.